Bí A Ṣe Lọ Kí Àkùkọ Idẹ ní Ìbìní

Ẹ̀yin ará Ọ̀yọ́ tí ẹ kò bá wa lọ, ẹ kú ilé. Wọ́n ní kí n kọ ohun tí ojú wa rí ní Ìbìní sílẹ̀, kí n má fi nǹkan kan pamọ́. Ọjọ́ orí mi ti lé ní àádọ́rin, eyín mi kò pé mọ́, ṣùgbọ́n iyè mi pé. Ẹni tó bá rò pé iyè mi ti ra, kó kà á dé òpin.

Ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ mọ ìdí tí mo fi lọ. Àwọn yòókù nínú Ẹgbẹ́ Àwọn Olùkọ́ Tó Ti Fẹ̀yìntì lọ gbafẹ́. Èmi lọ gba ẹ̀tọ́ mi.

Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn, mo máa ń fi àwòrán kan hàn wọ́n nínú ìwé: àkùkọ kan tí àwọn oníṣẹ́ idẹ Ìbìní dà láyé àtijọ́. Ní ọjọ́ kan, Olóyè Adépọ̀jù, tó jẹ́ alábẹ̀wò ilé-ìwé nígbà náà, wọ kíláàsì mi láìkan ilẹ̀kùn. Mo ti kọ ọ́ sára pátákó pé orí pẹpẹ ìyá ọba ni wọ́n ń gbé àkùkọ náà sí. Ó kà á, ó rẹ́rìn-ín.

"Tíṣà," ó ní, "àkùkọ lórí pẹpẹ obìnrin? Pẹpẹ ọba ni. Ẹ nù ún kúrò."

Mo ní, "Sà, inú ìwé ni mo ti kà á."

Ó ní, "Mo ní kí ẹ nù ún."

Mo nù ún, lójú àwọn ọmọ tí mo máa ń sọ fún pé kí wọ́n má bẹ̀rù òtítọ́. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè mí ní Ìyá Alákùkọ. Wọ́n pè mí bẹ́ẹ̀ lọ́jà, wọ́n pè mí bẹ́ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n pè mí bẹ́ẹ̀ níbi ìsìnkú ọkọ mi. Nígbà tí ipò ọ̀gá ilé-ìwé ṣí sílẹ̀, wọ́n ní ẹni tí kò mọ pẹpẹ ọkùnrin yàtọ̀ sí ti obìnrin kò lè darí ilé-ìwé. Wọ́n fi ẹni tí mo kọ́ níṣẹ́ jẹ ọ̀gá mi, èmi ni mo sì ràn án lọ́wọ́ láti gbé tábìlì rẹ̀ wọlé.

Nítorí náà, nígbà tí ẹgbẹ́ wa ń wá ibi tí a ó ti lọ ṣe fàájì, tí àwọn kan ń sọ Badágrì, tí àwọn mìíràn ń sọ Ìkógòsì, èmi ní Ìbìní. Mo tún gbà láti ṣètò rẹ̀. Wọ́n yìn mí pé arúgbó yìí mà láápọn o. Olóyè Adépọ̀jù ni Bàbá Ẹgbẹ́ wa báyìí, kò sì sí ibi tí ẹgbẹ́ máa lọ tí kò ní jókòó níwájú mọ́tò. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́: kí ó dúró níwájú àkùkọ yẹn, kó fi ẹnu ara rẹ̀ ka ohun tí wọ́n kọ sí i lábẹ́.

Àwọn ènìyàn wa máa ń lọ sí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé bí ẹni ń lọ sí ilé àbúrò wọn: wọ́n á kàn ṣáà yọ. Wọ́n á bá ilẹ̀kùn ní títì, wọ́n á ya fọ́tò lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á sì délé wá sọ pé àwọn ti rí gbogbo rẹ̀. Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀. Bọ̀sẹ̀, ọmọ àbúrò mi tí ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ báńkì ní Ìbìní, bá mi lọ béèrè ọjọ́ tí wọ́n ń ṣí, ọjọ́ tí wọ́n ń tì, àti bóyá àkùkọ náà wà níbẹ̀ tàbí àwọn òyìnbó ti kó o lọ pẹ̀lú àwọn yòókù. Ó wà níbẹ̀. Wọ́n fún wa ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan. Mo wá kìlọ̀ fún ẹgbẹ́: kí a má gbé kúlà oúnjẹ dání, kí a kọ́kọ́ wo ohun tí a wá wò kí a tó ronú ikùn. Gbogbo wọn mi orí. Mo gbàgbé pé lẹ́nu ìpàdé ẹgbẹ́ wa, oorun ló máa ń mi orí.

*Ọ̀rẹ̀*

Ọ̀rẹ̀ ni ẹni tó ń ti ìhà ọ̀dọ̀ wa lọ máa ń jẹun kẹ́yìn ní èdè tirẹ̀. Iyán rẹ̀ dára. Ẹran igbó ni wọ́n fi sè ọbẹ̀, Olóyè sì ń fi ṣíbí yí i padà bí ẹni ń wo ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá.

"Ẹran wo nìyí?" ó bi obìnrin tó ń tà á.

"Ẹran igbó ni, Bàbá."

"Mo mọ̀ pé igbó ló ti wá. Orúkọ rẹ̀ ni mo béèrè."

"Bàbá, ó ti kú kó tó sọ fún wa."

Rèbékà ọ̀rẹ́ mi, tí a jọ jókòó, rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ sí i nímú. Olóyè kò rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó jẹ ẹran náà, ó sì bu kún un.

Lẹ́yìn Ọ̀rẹ̀, igbó sún mọ́ títì, igi rọ́bà tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ bí ọmọ ilé-ìwé. Pátákó kan kí wa káàbọ̀ sí Ìpínlẹ̀ Bendel. Ní Ekiadolor a dúró ra ọ̀pẹ̀ òyìnbó. Mo fi Yorùbá bi ọmọbìnrin tó ń tà á pé èló ni. Ó wò mí tàánútàánú. "Mama, I no dey hear," ó ní. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di àjòjì, lójú ọ̀nà, pẹ̀lú ọ̀pẹ̀ òyìnbó lọ́wọ́. Olóyè gbọ́, ó sì bọ́ sílẹ̀ láti wá ràn mí lọ́wọ́. Yorùbá kan náà ló tún sọ, ó kàn pariwo rẹ̀ ni, bí ẹni pé etí ọmọ náà ni kò ṣí. Ọmọ náà bọ́ sẹ́yìn. Rèbékà ló fi ìka ọwọ́ dúnàá-dúrà, ó sì rí ẹ̀dínwó gbà.

*Oregbeni*

Èmi àti Rèbékà dé sí ilé Bọ̀sẹ̀ ní Oregbeni, nítòsí òkè Ikpoba. Ilé náà mọ́, fọ́tò ìgbéyàwó wọn wà lára ògiri. Bọ̀sẹ̀ kúnlẹ̀ kí wa dáadáa, ó sì pe ọmọ rẹ̀.

"Tóyìn, wá kí Ìyá."

Ọmọ náà tẹ orúnkún díẹ̀, bí ẹni tí ẹ̀gún gún lẹ́sẹ̀. "Good evening, Grandma."

Mo ní, "Ṣé o kò gbọ́ Yorùbá ni?"

"I dey hear am," ó ní. "Na to talk am hard."

"Màmá, ẹ má bínú," Bọ̀sẹ̀ ní. "Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, pàápàá èyí tí a kò fẹ́ kó gbọ́."

Aládùúgbò wọn, ọmọ Ìbìní kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Itohan, gbé ọbẹ̀ dúdú wá fún àlejò. Ewúro àti ẹfinrin ni wọ́n jọ lọ̀ sínú rẹ̀, ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo wò ó, mo rántí Jésù. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi iyán tọ́ ọ wò, ó dùn débi pé mo dákẹ́, ẹ sì mọ̀ pé n kì í dákẹ́. Ìyá Itohan padà wá dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Yoruba people, una don chop? Pepper no plenty o. I know say una dey drink pepper like tea."

Rèbékà ní kí Bọ̀sẹ̀ bá òun dá a lóhùn pé àwa ló ń fi ata wẹ ẹnu, pé ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ wa fi máa ń ta. Bọ̀sẹ̀ túmọ̀ rẹ̀. Ìyá Itohan pàtẹ́wọ́, ó sì wọlé wá jókòó tì wá. Bí wọ́n ṣe ń ṣe àlejò níbẹ̀ nìyẹn: wọ́n á kọ́kọ́ bú ọ díẹ̀, bí o bá lè dá a padà, o ti di ará ilé.

A ṣẹ̀ṣẹ̀ kó abọ́ kúrò ni Bọ̀sẹ̀ wí ohun tó ba oúnjẹ náà jẹ́ mọ́ mi nínú.

"Màmá, ẹ̀yin náà kò sọ fún mi pé Olóyè yín máa ránṣẹ́ sí mùsíọ́ọ̀mù. Ó ní kí wọ́n bá òun pèsè àtíbàbà àti àga."

"Àtíbàbà?" mo ní. "Ta ló kú?"

*Lábẹ́ àtíbàbà*

Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé náà wà láàárín ìlú gan-an, mọ́tò ń yí i ká bí ẹni ń jó. Nígbà tí a débẹ̀, àtíbàbà ti dúró. Wọ́n ti tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì gígùn níwájú, fún àwọn èèkàn. Olóyè wọ agbádá àrán nínú ooru, ó ń pín ìwé ètò tí fọ́tò rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀.

Mo ka ètò náà. Àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ wà níbẹ̀. Ìfihàn àwọn èèkàn wà níbẹ̀. Orin ẹgbẹ́, ọ̀rọ̀ Bàbá Ẹgbẹ́, obì, ìdáhùn àwọn onílé, ìdúpẹ́, àdúrà ìparí. Mo wá ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé a máa wọlé lọ wo nǹkan. Mo yí ìwé náà padà, fọ́tò Olóyè ló wò mí. Kò sí níbẹ̀.

Mo lọ bá a. "Olóyè, ìgbà wo la máa wọlé?"

"Ìyáàfin, a kì í wọ ilé onílé láìkí onílé."

"Sà, àwọn tó ni ilé yìí ti kú tipẹ́."

"Ìdí nìyẹn tí ìkíni náà fi gbọ́dọ̀ gùn."

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ nípa àwọn ará Ìbìní: wọ́n ní sùúrù fún àlejò. Wọ́n jókòó gbọ́ àdúrà wa. Wọ́n gbọ́ orin ẹgbẹ́ wa, tí ohùn mẹ́ta tó wà nínú rẹ̀ kò pàdé. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tí wọ́n fi hàn, títí kan ẹni tó jẹ́ pé ohun tó ṣe láyé kò ju pé ó bá wa wá. Wọ́n ti pe àgbà kan wá gbà wá lálejò, Pa Osaro, tó ti ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Ìbàdàn rí, tó sì gbọ́ Yorùbá ju àwọn ọmọ wa lọ. Nígbà tí ó kan obì, Pa Osaro gbé àwo náà, ó dìde láti gbàdúrà sí i.

Olóyè gbé ọwọ́ sókè. "Bàbá, ẹ dákun. Kí a tó gbàdúrà, nínú Ọ̀yọ́ àti Ìbìní, ta ni ẹ̀gbọ́n?"

Ẹ̀yin náà mọ ìtàn náà: Ọ̀rànmíyàn ló bí ọba tiwọn, Ọ̀rànmíyàn ló sì tẹ Ọ̀yọ́ dó. Mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọmọ ní ìtàn yìí, mo sì mọ̀ pé kò ní òpin.

Olóyè ní, "Ọ̀dọ̀ wa ni Bàbá fúnra rẹ̀ jókòó sí jọba. Ilé bàbá ni Ọ̀yọ́. Ilé bàbá ló ń gbàdúrà."

Pa Osaro gbé àwo obì sílẹ̀. Ó tún aṣọ rẹ̀ ró. "Olóyè, ibí ló ti kọ́kọ́ bímọ. Ọmọ tí a bá kọ́kọ́ bí, kí lẹ ń pè é lọ́dọ̀ yín? Níbi tí mo ti ṣe rélùwéè, ẹ̀gbọ́n ni wọ́n ń pè é."

"Ó bí i, ó sì fi í sílẹ̀!"

"Ọ̀rọ̀ ibí ló sú u, nítorí kò gbọ́ èdè wa. Ẹ̀yin náà kò tíì gbọ́ ọ títí di òní."

Àwọn ará Ìbìní rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà dun Olóyè. Pa Osaro wá fẹ́ iná náà kó lè jó dáadáa: ó ní bí a bá fẹ́ gbọ́ òtítọ́, ọmọ ọba Ìbìní kan tó lọ sí Ifẹ̀ ni ẹni tí àwa Yorùbá ń pè ní Odùduwà.

Ha! Ẹ fojú inú wò ó. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì kún inú mọ́tò kan, tí kò sí ẹni tó fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn láti ọjọ́ tí wọ́n ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Gbogbo wọn dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Olùkọ́ ìṣirò tó wà láàárín wa pàápàá ní ẹ̀rí. Ọkùnrin kan ń bú Ifẹ̀, ẹlòmíràn ń fi Bíbélì búra. Obì wà nínú àwo, kò sí ẹni tó rántí rẹ̀, oòrùn sì ń lọ.

Mo lọ bá obìnrin tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó ń wo aago. "Mama, we dey close early today," ó ní. "E don remain small."

Mo dá nìkan wọlé.

*Níwájú àkùkọ*

Inú ilé náà tutù, ó sì dákẹ́. Mo rí àwọn orí idẹ tí ìlẹ̀kẹ̀ bo ọrùn wọn dé ẹnu, bí ẹni tí wọ́n ní kó má sọ̀rọ̀ mọ́. Mo rí ẹkùn. Mo rí àwọn jagunjagun lára pátákó idẹ, ojú wọn le, kò sí ọ̀kan tó bi mí pé ọmọ ìlú wo ni mí. Lẹ́yìn náà ni mo rí i, nínú àpótí gíláàsì, ní kọ̀rọ̀.

Nínú ìwé mi, kò ju àtàǹpàkò lọ. Níbí, ó tóbi ju àkùkọ tó wà láàyè. Wọ́n fín ìyẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n fín ogbe rẹ̀. Ó gbé orí sókè bí ẹni tí wọn kò ní kó nu nǹkan kan rí. Mo tẹ orúnkún, mo kí i. Ẹni tó bá fẹ́ kó fi mí rẹ́rìn-ín. Orúkọ rẹ̀ ni mo ti ń jẹ́ láti ọjọ́ yìí wá, ó sì yẹ kí a mọ ara wa.

Lábẹ́ rẹ̀, nínú gíláàsì kan náà, ìwé pélébé kan wà. Eruku bo gíláàsì náà, ṣùgbọ́n mo rí ohun tí mo wá wò. Mo lè ti dúró síbẹ̀ kí inú mi sì dùn. Ṣùgbọ́n n kò rin gbogbo ọ̀nà yẹn nítorí inú dídùn. Mo jáde padà sí abẹ́ àtíbàbà, mo sì lọ sọ̀rọ̀ sí Olóyè létí.

"Olóyè, ẹ̀rí wà nínú ilé. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ẹ bá kà á sókè, ọ̀rọ̀ parí."

Ṣé ẹ rí i, n kò purọ́. N kò ṣáà sọ ọ̀rọ̀ wo ló máa parí.

Olóyè kó agbádá sí èjìká. "Ẹ tẹ̀ lé mi!" Gbogbo wọn tẹ̀ lé e, ará Ọ̀yọ́ àti ará Ìbìní, Pa Osaro náà. Mo mú wọn kọjá níwájú àwọn orí idẹ, níwájú ẹkùn, níwájú àwọn jagunjagun. Kò sí ẹni tó wo ọ̀kan nínú wọn. Mo dúró ní ẹ̀gbẹ́ àpótí náà.

"Níbo ló wà?" Olóyè béèrè.

"Ìwé tó wà lábẹ́ rẹ̀ yẹn, sà."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó fojú wá a. "Eruku bo gíláàsì yìí."

Ọ̀rọ̀ náà ti jókòó sí mi lẹ́nu láti ìgbà tí irun mi ṣì dúdú. Mo ní, "Ẹ nù ún, sà."

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ń wá ẹni tó máa bá a nù ún. Kò sí ẹni tó mira.

Mo ní, "Mo ní kí ẹ nù ún."

Ó fi etí agbádá àrán rẹ̀ nù ún. Ó nù ún dáadáa, láti igun dé igun, bí ọmọ tó bẹ̀rù tíṣà rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló nà ró, ó sì fi ohùn alábẹ̀wò tó ń mú kí gbogbo ilé-ìwé dákẹ́ ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀: pé irú àkùkọ idẹ báyìí, orí pẹpẹ ìyá ọba ni wọ́n máa ń gbé e sí.

Rèbékà di apá mi mú, èékánná rẹ̀ wọ̀ mí lára. Mo ń wo ojú Olóyè. Mo ń dúró.

"Ìyáàfin," ó ní, "kí ni èyí ní í ṣe pẹ̀lú Ọ̀rànmíyàn?"

Mo wo ojú yẹn títí. Mo wá ìtìjú níbẹ̀, mo wá ìbínú, mo wá ẹ̀tàn pàápàá, nítorí ẹ̀tàn ìbá tù mí nínú. Kò sí nǹkan kan. Ó ti gbàgbé. Àwọn àgbà ní ẹni tó ṣu ní í gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Mo ti mọ òwe náà láti kékeré. N kò mọ̀ pé èmi ni wọ́n pa á fún.

"Ó kúkú ní í ṣe," Pa Osaro ní. "Àwa bọ̀wọ̀ fún ìyá ọba wa. Ẹ̀yin ńkọ́, níbo ni àkùkọ ìyá tiyín wà?" Ni ariwo bá tún sọ. Obìnrin ẹnu ọ̀nà sì wá ń mi kọ́kọ́rọ́ lójú wa. "Oya, oya, we don close!" Ó lé wa jáde, èèkàn àti mẹ̀kúnnù, bí adìyẹ.

Nígbà tí a padà sí abẹ́ àtíbàbà, àwo obì ti ṣófo. Awakọ̀ wa ló jẹ ẹ́. Ó ní ebi ń pa òun, pé òun sì ti gbàdúrà sí i.

*Ìpadàbọ̀*

A ti fi Ekiadolor sẹ́yìn nígbà tí Olóyè dìde nínú mọ́tò láti ṣe ìdúpẹ́ tí àyè kò gbà á láti ṣe.

"Ẹ̀yin olùkọ́," ó ní, "ẹ fojú ara yín rí àkùkọ ìyá ọba. Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, mo máa ń sọ fún àwọn tíṣà pé pẹpẹ obìnrin ni àkùkọ yẹn wà. Àwọn kan jiyàn o! Ẹ wá rí i báyìí."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Ìyá Alákùkọ, ṣé ẹ gbọ́ bí Olóyè ṣe là á yé wa?" Mo ní mo gbọ́. Mo yíjú sí Rèbékà.

"Ìwọ náà pàtẹ́wọ́?"

"Ọwọ́ mi ló ṣèèṣì," ó ní, kò sì wò mí.

Ní Ọ̀rẹ̀, àwọn yòókù bọ́ sílẹ̀ lọ jẹ iyán. Mo jókòó sínú mọ́tò. Olóyè padà wá bá mi níbẹ̀, inú rẹ̀ dùn, ó ń ta eyín.

"Ìyáàfin, ẹ̀yin lẹ mọ ìwé kọ nínú wa. Ẹ bá wa kọ ìrìn-àjò yìí sínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́, kí gbogbo ará ilé lè kà á. Ẹ má fo ọ̀rọ̀ mi kankan o."

Mo ní, "Gbogbo rẹ̀, sà? Láti ìbẹ̀rẹ̀?"

"Láti ìbẹ̀rẹ̀ pátápátá. Ẹ má nu ọ̀kan kúrò."

"Ẹ ṣeun, sà," mo ní. "Lọ́tẹ̀ yìí, n kò ní nù ún."